Àpáta Tí A Ti Ń Pe Wórú

Ẹ jẹ́ kí a yin ẹni tó ń pariwo lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí a ṣí fìlà fún un, nítorí ọ̀làwọ́ ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ tí ahun ì bá fi pamọ́ sínú etí ẹnì kan ṣoṣo, òun a pín in fún gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́: àìsàn tó ń ṣe àna rẹ̀, ìlú òkèèrè tí ọmọ rẹ̀ wọ̀, orúkọ ọ̀gá ńlá tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lánàá. Ní Ṣábẹ̀, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, níbi tí wọ́n bí mi sí, a ní àyè pàtàkì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ni àpáta kan wà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òkè ńlá tó yí ìlú ká, ó tẹ́jú lórí bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀. Ní ọdún tí mò ń rántí yìí, orí rẹ̀ nìkan ni rẹ́sò, ìsopọ̀ fóònù, ti ń wọlé ní àdúgbò wa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gùn ún, kó dúró sókè níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, kó sì la ẹnu. Ọlọ́run tó dá wa mọ̀ wá dáadáa: ó fún wa ní pèpéle kó tó fún wa ní fóònù.

Ọba orí àpáta náà ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà. Ó ti ṣe akọ̀wé rí ní ilé iṣẹ́ kan. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Faransé rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Fóònù kan ṣoṣo ni a ní, kò sì sí bó ṣe lè dún nínú ilé, nítorí náà àwọn ará ọ̀nà jíjìn ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a máa ń gbé e gòkè lọ dúró dè wọ́n. Bí ìrọ̀lẹ́ náà bá tó, Bàbá Kékeré a wọ bàtà, a ti bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí dé ọrùn, a gun àpáta. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti bàbá mi, a máa wò ó láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ṣé fóònù náà ń rí bàtà ẹ ni?"

"Ìyá, ẹ ò lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni." A gbé fóònù sétí. "Alóò! Wi! Wi! Dakọ́ọ̀!" Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni ìbátan wa kan ní Kaboua, tí kò gbọ́ Faransé kankan, tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òbúkọ rẹ̀ ti ṣìnà wá sọ́dọ̀ wa.

Bí mo bá di ojú lónìí, ohùn ilé náà ló kọ́kọ́ máa ń dé kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó dé. Ikọ́ bàbá mi ló ń ṣáájú. A wú u lẹ́ẹ̀kan, kó tó bu omi àlùwàlá, a sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou á máa fọn fèrè fún ewúrẹ́ lójú títì ọlọ́dà lọ́hùn-ún, tí ohùn fèrè náà á gùn, á tín-ín-rín, bíi pé ẹnì kan ń fà á gba inú òwú. Ọ̀sán ni ti odó. Ìyá mi àti ìyàwó Bàbá Kékeré a jọ máa gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó kan ń lọ, èkejì ń bọ̀, wọn kì í wo ara wọn, wọn kì í sì forí gbárí. Nígbà kajú, gbogbo afẹ́fẹ́ ilé a dùn, a sì kan, bí ohun mímu tó ti sùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa yí kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, omi rẹ̀ sì ti kọ àwọ̀ sí gbogbo aṣọ tí mo ní. Bí a bá ṣe tán, iyán a délẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, àti wagasi, wàrà pupa tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá, tí ìyá mi máa ń gé ní tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí ara wa láti inú rẹ̀ sí ìhà kejì. Bàbá mi a ti tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Wórú ló ń tì í fún.

Ní ilẹ̀ wa, Wórú ni a ń pe àkọ́bí ọkùnrin, orúkọ tí ń gba òbí lọ́wọ́ ìrònú. Wórú tiwa, ẹ̀gbọ́n mi, ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ní ìhà gúúsù. Nígbà tó wá sinmi lọ́dọ̀ wa ní àsìkò kajú yẹn, ó mú ìròyìn kan bọ̀ tí Bàbá Kékeré gbà á lẹ́nu rẹ̀ kíákíá kó má bàa sọ ọ́ dànù. Gbogbo wa jókòó lábẹ́ igi máńgò lọ́jọ́ náà.

"Tiriyatulọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é," ni Bàbá Kékeré wí. "Ó máa lúwẹ̀ẹ́. Bó bá jáde nínú omi, ó máa gun kẹ̀kẹ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó máa sáré. Lọ́jọ́ kan náà, láì jókòó!"

"Ta ló ń lé e?" Ìyá Àgbà bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Ìyá."

"Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan! Eré ìdárayá ni."

"Ó dáa. Bó bá dé ibi tó ń lọ, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Bàbá Kékeré wo Wórú. Wórú rẹ́rìn-ín. "Ìyá, bí mo bá débẹ̀, mo máa mu omi."

"Omi wà nílé," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí tó ń bó.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ látìgbà náà, mo sì ti gba dìpúlọ́mà tèmi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó bi ìbéèrè tó ju ìyẹn lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ilé wa ni wọ́n lọ fi orúkọ Faransé sí. Odò Ọ̀kpára ni Wórú ti kọ́ ìwẹ̀, nítorí oko wà ní ìhà kejì. Kíkó àpò kajú lọ sí ẹ̀bá ọ̀dà ló fi mọ kẹ̀kẹ́. Eré sísá ní tirẹ̀, àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ló fi kọ́ ọ. Olùkọ́ kan ló rí i ní gúúsù tó sọ fún un pé ènìyàn lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ewúrẹ́, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ àsìkò náà, a máa ń bá bàbá mi lọ sí oko, Wórú a sì sọ̀ sínú odò láti fi omi dán ara wò. Odò náà kì í kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ibú kan wà níbẹ̀ tó gùn, omi rẹ̀ dúdú, ewé ń léfòó lórí rẹ̀ láìlọ síbì kan. Bàbá mi a gbé ọkọ́ lé èjìká, a mú ẹ̀wù Wórú lọ́wọ́, a sì máa rìn lórí bèbè, jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀n bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń wẹ̀ nínú omi. Èmi a tẹ̀ lé e. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í wo omi náà pàápàá. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí Wórú bá ti jáde, ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń wà, tó na ẹ̀wù sí i. Mo máa ń lá àlá rírìn yẹn títí di òní. Nínú àlá náà bèbè kì í tán.

Nígbà tí Wórú padà sí gúúsù, òun náà bọ́ sínú àwọn tí a ń gun àpáta fún. Ìdíje àwọn yunifásítì ń bọ̀, létí òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni sutinánsì rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti gbèjà ìwé tó kọ kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Bàbá Kékeré ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń pẹ́. Ìyá mi a gbà á, a béèrè oúnjẹ. Bàbá mi ló ń kẹ́yìn. Á ṣí fìlà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, á fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù náà, á gbọ́ ohun tí Wórú ń sọ títí, á ní, "Hẹ̀n." Á tún gbọ́. "Hẹ̀n." Á dá a padà.

"Ẹ ò tiẹ̀ kí i!" ni ìyá mi máa ń wí.

"Ó mọ̀ pé èmi ni."

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, èpò ti ń yọ nínú oko iṣu, nígbà tí bàbá mi tètè ti oko dé ní òwúrọ̀ kan. Ó ní àyà ń fún òun. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi máńgò, ìyá mi sì sáré lọ pe dókítà. Kí wọ́n tó dé, ó ti lọ. Mùsùlùmí ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ohun tí ojú mi gbà nínú ọjọ́ náà kò tó nǹkan. Ẹnì kan fọ ẹní náà, ó sá a sórí okùn, omi sì ń kán nídìí rẹ̀. Máńgò kan já bọ́ nígbà tí lèmọ́mù ń ṣe àdúrà. Ẹnì kan ṣà á, ó gbé e sórí ògiri, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi jẹrà. A kò jẹ máńgò igi náà mọ́ lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀.

Wọn kò tíì ṣe àdúrà tán pátápátá tí mo fi rí Bàbá Kékeré tó ń wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?" Ìyá Àgbà bi í.

"Mo fẹ́ pe Wórú."

"Jókòó." Bàbá Kékeré jókòó. "A kì í sọ ikú fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó délé, kó mu omi, kó jẹun, kí ẹ tó la ẹnu. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ó fẹ́ wẹ omi, ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ó fẹ́ sáré. Ọ̀nà mẹ́ta lọ́jọ́ kan! O wá fẹ́ ju òkú sí i lọ́nà?"

"Bàbá ẹ̀ ni, Ìyá," ni ìyá mi wí láti inú yàrá. "Ó máa bínú sí wa."

"Kó bínú. Ẹni tó ń bínú ti délé."

Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe gbà pé bàbá mi ṣì wà láàyè, títí ìdíje àti sutinánsì yóò fi kọjá. Ẹ̀rù tó bà wá kò fara sin: bí Wórú bá gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, yóò kó ẹrù rẹ̀ wálé, iṣẹ́ gbogbo ọdún rẹ̀ a sì dànù sójú ọ̀nà, tàbí kí òun gan-an dànù sínú omi. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ mi ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pe irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà kò ṣe é gbé gun àpáta.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ilé kún fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Bàbá Kékeré gòkè lọ, èmi tẹ̀ lé e, nítorí Wórú máa ń béèrè mi. Wọ́n ti fún mi ní irọ́ tèmi, mo sì ti kọ́ ọ sórí: bó bá béèrè Baba, kí n ní ó wà lóko. Bí fóònù ṣe dún, Bàbá Kékeré na ọwọ́ sókè, gbogbo ilé nísàlẹ̀ sì dákẹ́ lójijì. Obìnrin kan tó ti gbé ẹkún rẹ̀ dé àárín gbé e mì bí òkèlè.

"Alóò! Wi! Wórú!" Ó yí ojú sí ìlú. "Baba ẹ kí ẹ o! Ó kí ẹ púpọ̀púpọ̀! Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ìwọ ni iyì ilé yìí, pé kí o má wẹ̀yìn, pé àdúrà òun wà lórí ẹ, nínú omi, lórí ilẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́!"

Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an fẹ́ gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Wórú, ó kéré bíi ti ẹ̀fọn nínú agolo.

"Baba ló sọ gbogbo ìyẹn?"

"Òun gan-an! Ó ń jẹun lọ́wọ́ ni kò fi lè gòkè wá."

"Ó dáa. Ẹ ṣé, Bàbá Kékeré. Ẹ fún Àbíkẹ́."

Mo gba fóònù. Ṣé oko ni Baba wà ni, àbí ìdí oúnjẹ? Ṣùgbọ́n Wórú kò béèrè rẹ̀.

"Àbíkẹ́, ṣé máńgò ti ń já bọ́?"

"Ó ń já bọ́."

"Ṣé ó dùn?"

"A ò jẹ ẹ́."

"Hẹ̀n," ni Wórú wí.

Inú bí mi díẹ̀. Mo ti kọ́ irọ́ mi dáadáa, kò sì jẹ́ kí n pa á. Bàbá Kékeré sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ẹkún sì tún gbéra nísàlẹ̀ níbi tó dúró sí gan-an.

Àwọn ọ̀sẹ̀ náà rìn bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn nínú omi. Ìyá mi wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ opó, òjò ń rọ̀, ikọ́ àárọ̀ kò sí mọ́, a sì ń jí lásìkò tí kò bá ara wọn mu. Lórí àpáta nìkan ni bàbá mi ti ń ní ìlera sí i. Òun tí kò sọ ju hẹ̀n lọ nígbà ayé rẹ̀ ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó ń súre, ó ń pòwe, ọ̀sẹ̀ kan tiẹ̀ wà tó gba Wórú nímọ̀ràn lórí bí a ṣe ń mí nínú omi. Wórú ń dúpẹ́. Ó ṣe ìdíje náà, ó sì ṣe ipò kẹrin, níbi tí ẹni mẹ́ta nìkan ti ń gba mẹ́dàlì. Bàbá Kékeré kéde rẹ̀ fún ìlú láti orí òkè pé ọmọ wa ló ṣe ìkíní nínú gbogbo àwọn tí kò gba mẹ́dàlì. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn sutinánsì dé: àwọn olùkọ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Wórú ní òun ń bọ̀ wálé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀dà, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, ó ti rù. Ìyá Àgbà ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ó lọ sí àdúgbò Boni," ni Bàbá Kékeré wí, ó ń wo igi máńgò.

Wórú wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá wa tó tì. "Ó dáa."

Ó jókòó sórí àga. Mo gbé omi wá, ó mu ún. Mo gbé iyán wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, gbogbo wa sì ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, òkèlè kan, òkèlè mìíràn, bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń ré odò kọjá. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde lórí àga, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

Bàbá Kékeré tún ọ̀fun ṣe. "Wórú, ọmọ mi, ayé yìí, bí a bá wò ó... bí igi ńlá bá wà nínú igbó, tí àwọn ẹyẹ..."

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá Kékeré. Mo ti jẹun."

Faransé àti Yorùbá jọ já Bàbá Kékeré kulẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́: "Bàbá ẹ ti lọ, ọmọ mi." Wórú gbé orí lé orúnkún rẹ̀, ó sì sunkún tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èjìká ńlá tí ó fi ń wẹ omi.

Nígbà tó ṣe, Ìyá Àgbà fọwọ́ pa á lórí. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí Bàbá Kékeré ní Baba kí mi. Baba kò kí mi rí."

"Hẹ̀n ló yẹ kí n sọ," ni Bàbá Kékeré wí, omi ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ò lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún yín."

Ẹ̀rín kan dún láti inú yàrá. Ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀ nínú aṣọ opó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá," ni Wórú wí. "Ṣé ará Boni wà dáadáa?"

Ó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi yí. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tí kò fi wá nígbà tó mọ̀. Ó ní òun ti di àpò òun lọ́jọ́ náà. "Mo wá rò ó pé gbogbo ilé ló ń bá mi gbé nǹkan náà pa mọ́. Bí mo bá já wọlé, ta ni mo fẹ́ dójú tì? Mo ní kí n bá yín gbé e dé ibi tí ẹ fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí." Ó tún sọ fún wa pé nínú òkun, òun kò mọ èwo ni omi òkun, èwo ni omi ojú òun. Ìgbà tó jáde, ó dúró létí omi, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, ó ń wá ẹni tó mú ẹ̀wù òun lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti kọjá lára rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òun àti lèmọ́mù lọ sí ojú oórì.

Ó lo ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú wa, ó sì padà sí gúúsù lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ṣe dé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò gòkè. Bàbá Kékeré ní orúnkún ń dun òun. Ìyá mi kò lè jáde. Nítorí náà wọ́n gbé fóònù náà lé èmi lọ́wọ́. Mo rántí bí àpáta náà ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí èéfín oúnjẹ alẹ́ ṣe ń dìde láti àárín àwọn páànù, tí àwọn òkè sì dùbúlẹ̀ yí wa ká láìbéèrè nǹkan kan. Wórú pè. Ó béèrè ilé, mo sì sọ òótọ́ fún un, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti orí àpáta yẹn látìgbà tí Baba ti lọ: pé ìyá wa sunkún láàárọ̀, pé ó jẹun díẹ̀ lọ́sàn-án, pé Ìyá Àgbà ń béèrè bóyá wọ́n ṣì ń lé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti fún òun ní ìwé náà, pé kí n sọ fún Ìyá. Mo rọra ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, rẹ́sò sì já.

Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé kejì dúró nídìí kànga nísàlẹ̀, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń wò mí. Mo na ara mi, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Alóò! Wi! Wi! Dakọ́ọ̀!" ni mo ké, sínú fóònù tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, mo sì ń bá a lọ títí gbogbo wọn fi gbọ́.